Ohùn Mẹ́ta Lẹ́nu Bíríkìlà Kan

Orúkọ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀: John Jay Smith. Orúkọ yẹn ni wọ́n kọ sí ìparí ìpín kan nínú kàtúùnù The Simpsons, èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox gbé sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991. Michael Jackson ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti kún pápá ìṣeré fọ́fọ́ ló wá ṣe àlejò nínú eré ọmọdé àti àgbà, tó sì ní kí wọ́n má dárúkọ òun.

Ìpín náà ń jẹ́ “Stark Raving Dad”. Al Jean àti Mike Reiss ló kọ ọ́, Rich Moore ló darí rẹ̀. Fífi orúkọ pamọ́ nìkan kọ́ ló ń dà mí láàmú. Òṣèré fíìmù Dustin Hoffman náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí kan náà ní ọdún yẹn, ó ní Sam Etic ni òun ń jẹ́. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni àwọn tó ni eré náà pinnu pé àlejò tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun. Ohun tí mo ń rò ni pé ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n pín ẹnu ẹ̀dá kan ṣoṣo fún. Bí Leon Kompowsky, bíríkìlà inú ìtàn náà tó ń pe ara rẹ̀ ní Michael Jackson, bá ń sọ̀rọ̀ nínú eré yẹn, Jackson ni. Bí ó bá ń kọrin, Kipp Lennon ni. Nígbà tí ó wá fi ohùn tí wọ́n bí i mọ́ sọ̀rọ̀ lópin eré, Hank Azaria ni. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ìpín tí gbajúmọ̀ olórin ti wá kí wọn, tí wọ́n ya òun fúnra rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn pariwo orúkọ rẹ̀, tó sì lọ. Kò sí èyí tó mọ ohun tí olórin lè ṣe nínú kàtúùnù tó ìpín tí wọ́n ti gba ojú, orúkọ àti orin lọ́wọ́ olórin náà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fíìmù gidi, òótọ́ ni: bí gbajúmọ̀ bá ti yọ lójú ọ̀nà, kó tó lanu la ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú kàtúùnù, ojú ti di ìlà dúdú àti ọ̀dà. Ayàwòrán tí olórin kò rí rí lè ya ojú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí olórin fúnra rẹ̀ gbé wá sínú iṣẹ́ náà ni ohùn.

Ohùn yìí náà ló sì máa ń ṣáájú. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lè rò pé wọ́n á ya àwòrán tán kí òṣèré tó wá sọ̀rọ̀ sí i. Rárá o. Wọ́n á kọ ìwé eré, àwọn òṣèré á yí tábìlì ká láti kà á sókè kí wọ́n lè gbọ́ ibi tó dùn àti ibi tó yẹ ní gígé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ sítúdíò lọ gba ohùn sílẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà yìí ni ayàwòrán yóò máa tẹ́tí sí. Wọ́n ní ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní X-sheet, ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún férémù kan, férémù 24 ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnìkan á fetí sí gbólóhùn náà díẹ̀díẹ̀, á máa kọ ìró kọ̀ọ̀kan sí ìlà férémù tó bọ́ sí. Bí orúkọ bíi “Lisa” bá gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu òṣèré, férémù 12 nìyẹn. Àwòrán kan sábà máa ń dúró fún férémù méjì, nítorí náà àwòrán mẹ́fà ni wọ́n á fi pe orúkọ yẹn tán.

Ìrísí ẹnu tí wọ́n ń lò kò pọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ètè pípàdé wà fún m, b àti p. Eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀ wà fún f àti v. Ẹnu róbótó wà fún o. Ahọ́n tó yọ sókè wà fún l. Ẹnu gbọ́dọ̀ ṣáájú ìró pẹ̀lú férémù kan tàbí méjì. Bí ó bá bọ́ sí ìgbà kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ìró, ojú ẹni tó ń wò ó á rò pé ẹnu náà pẹ́. (Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní ohun mìíràn láti rò níbí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ètè kò yàtọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ayàwòrán kò lè fi ẹnu ya àmì ohùn. Ohùn nìkan ló mọ èyí tí a ń wí nínú ọkọ ìyàwó àti ọkọ́ oko.)

Ìpín tó gùn tó ìṣẹ́jú 22 ní férémù tó lé ní 31,000. Ní ọdún 1991, orí ike tó mọ́ gaara ni wọ́n ṣì ń fi ọ̀dà kùn. Wọ́n á ya àwọn àwòrán tó ṣe pàtàkì ní Los Angeles, wọ́n á kó wọn ránṣẹ́ sí Kòríà Gúúsù kí wọ́n lè ya àwọn tó wà láàárín wọn, kí wọ́n sì kùn wọ́n. Oṣù mélòó kan á kọjá kí iṣẹ́ tó padà dé. Nígbà náà, ohùn tí olórin gbà sílẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ ti wọ inú ìṣípòpadà ẹnu, ìṣẹ́jú ojú àti gbígbé èjìká ẹni tí wọ́n yà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe àlejò fi máa ń wọ́n wọn. Olórin sábà máa ń wá gba ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí àwọn òṣèré tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nínú eré. Bí kò bá sí ẹni tó ń dá a lóhùn nínú sítúdíò, ó máa ń ka gbólóhùn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìfilọ̀, nígbà tí wọ́n bá sì so ó pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, ìjíròrò náà kò ní mí. Olórin tó ti mọ́ lára láti fi ẹnu kan makirofóònù lórí pèpéle á máa fọn afẹ́fẹ́ lù ú ní gbogbo ibi tí p àti b bá wà. Àfi kí wọ́n fi asẹ́ sáàárín, kí wọ́n sì ní kí ó sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbà ọwọ́ á máa dún. Bébà ìwé eré á máa ró. Olùdarí tó mọṣẹ́ á ní kí ó sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó mọ̀ pé àlejò náà kò ní rí àyè padà wá.

Ogún ọdún láàárín

Ọdún 1991 kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Michael Jackson wọ inú kàtúùnù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kàtúùnù kan jáde nípa òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Rankin/Bass ṣe. Orin inú rẹ̀ jẹ́ tiwọn gan-an, torí Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde, ló ni àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó sì wù wọ́n kí ayé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe tiwọn. Ọmọdé mìíràn, Donald Fullilove, ló ń sọ̀rọ̀ fún Michael. Àwọn Beatles ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú lórí ABC kan náà láti ọdún 1965: orin jẹ́ tiwọn, Paul Frees sọ̀rọ̀ fún John àti George, Lance Percival sọ̀rọ̀ fún Paul àti Ringo.

Ẹ wá wò ó. Ní ọdún 1971, ohùn orin jẹ́ ti Michael, ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 1991, ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Michael, ohùn orin jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò tíì sí kàtúùnù nínú àwọn méjèèjì tó gba ọkùnrin yìí lódindi. Ní ọdún 1991, ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù ló pinnu ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà kọjá láàárín ohùn ẹnìkan.

Ẹni tó kọrin

Jackson fúnra rẹ̀ ló pe Matt Groening, ẹni tó dá The Simpsons sílẹ̀, lórí fóònù pé òun fẹ́ràn Bart, ọmọkùnrin inú eré náà, òun sì fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe kàtúùnù tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá bá, orin ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Orin gan-an ni òfin kò gbà. Àdéhùn olórin pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde sábà máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọ́dọ̀ gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò sí lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárin, ó ti ń ná owó onílé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pe Kipp Lennon, ẹni tó lè fi ohùn rẹ̀ jọ ti Jackson. Ìròyìn tí àwọn tó ṣe eré náà ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ ni pé Jackson tún ní ìdí tirẹ̀ tó fi dùn mọ́ ọn: ó fẹ́ fi dán àwọn arákùnrin rẹ̀ wò, bóyá wọ́n á mọ̀ pé òun kọ́ ló ń kọrin. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Lennon ń kọrin. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ tí wọ́n fún ọkùnrin yẹn, pé kí ó kọrin bíi Michael Jackson níwájú Michael Jackson.

Bí ẹnìkan bá ń ṣe kàtúùnù ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lónìí, tó sì fẹ́ pe olórin wọ inú rẹ̀, ibí yìí ni kí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kó tó yan ọjọ́ sítúdíò. Kí ó yà ìwé àdéhùn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti orin. Kí ó bi olórin náà ta ló ni ohùn orin rẹ̀, kí ó sì gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni náà, torí ọ̀pọ̀ olórin kò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí orúkọ yóò ṣe jáde lópin eré. Bí àfarawé ni yóò kọrin, kí ó rí i pé ẹni náà gbọ́ èdè tí olórin ń lò dáadáa. Orin Yorùbá kì í dárí ji ẹni tó bá gbé ohùn síbi tí ọ̀rọ̀ kò gbé e sí. Ọmọ ọdún márùn-ún á gbọ́ pé ẹnìkan mìíràn ni.

Bíríkìlà láti Paterson

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ wá sí ìṣẹ́jú díẹ̀ kan lópin eré náà.

Wọ́n ti gbé Homer, bàbá Bart àti Lisa, lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ nítorí pé fìlà pupa Bart ba aṣọ fífọ̀ jẹ́, tó fi wọ ẹ̀wù aláwọ̀ píńkì lọ sí ibi iṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti bá ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan pàdé, tó ga, tó tóbi, tó ń sọ pé Michael Jackson ni òun. Homer kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Nítorí náà, kò ní ìdí láti jiyàn. Ó mú un wálé. Bart ti sọ fún gbogbo ìlú, ìlú sì ti tú jáde. Wọ́n rí ọkùnrin gìrìwò náà, wọ́n bínú, wọ́n sì tú ká.

Ibí yìí ni kí a ti dúró díẹ̀. Nínú ìtàn, ìlú náà jàre: ẹni tí wọ́n rí kì í ṣe Jackson. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n pẹ̀yìn dà sí ni ohùn Jackson gan-an, èyí tí àwọn tó ṣe eré náà wá gbà sílẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ojúlówó wà níwájú wọn, wọ́n ń wá ojú. Homer tí kò mọ̀ ọ́n nìkan ló gbà á bó ṣe wá.

Lisa wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń sunkún. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ náà, Bart sì ti gbàgbé ẹ̀bùn tó ṣèlérí fún un. Ó ti kọ lẹ́tà pé òun kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Leon gbọ́ ẹkún náà, ó fi Bart jókòó, wọ́n jọ ṣe orin kan láti fi jí ọmọ náà. Ohun tí ọmọ yẹn ń wá kò tóbi. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹnu pe orúkọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ ni. A mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kì láàárọ̀. Bí orí ọmọ náà ṣe ń wú ni orí Lisa ṣe wú. Ta ló sì kọ orin yẹn? Lennon, àfarawé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìpín yìí, ohun tó tún ilé ṣe ni ohun tí kò ti ẹnu gbajúmọ̀ jáde.

Lẹ́yìn orin yẹn ni Leon ní òun fẹ́ sọ òtítọ́. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kúrò, ohùn líle tó wúwo wọlé. Ó ní bíríkìlà ni òun, láti Paterson ní New Jersey, Leon Kompowsky ni òun ń jẹ́. Gbogbo ayé òun ni òun fi bínú. Lọ́jọ́ kan ṣá, òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi Michael Jackson, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun. Òun kò sì padà mọ́.

Azaria ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, òṣèré tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ti ń fi ohùn rẹ̀ ṣe Moe ẹlẹ́mu àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà. Wọ́n lè ní kí Jackson fúnra rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé òun ló tọ̀nà jù. Etí wa ti gba ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá pẹ̀lú ohùn kan, ó ti bá a mọ́ra, ó ti gbàgbé ara tó gbé e wọ̀. Nígbà tí ara náà wá fi ohùn tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ó yà wá lẹ́nu bí ẹni pé àjèjì wọlé. Òun gan-an sì ni onílé.

Nínú àṣà wa, ohùn eégún kì í ṣe ohùn ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti yí padà, ọ̀rọ̀ tí a kò ní gbà lẹ́nu aládùúgbò ni a ó kúnlẹ̀ gbà lẹ́nu ará ọ̀run. Leon rí irú agbára yìí láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Bíríkìlà tó ń bínú kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Ó wọ ohùn ẹlòmíràn, ayé sì kúnlẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó ń ṣe lójú agbo ló wá ṣe níwájú ọmọ méjì: ó ṣí aṣọ lójú ara rẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles, wá sínú eré náà ní ọdún 1995 pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀, ó fi ohùn ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó sì béèrè fún nǹkan kan: kí Lisa má jẹ ẹran mọ́ títí láé. Wọ́n pa àdéhùn náà mọ́. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà tó dára láti lo ohùn. Ẹgbẹ́ olórin NSYNC wá ní ọdún 2001, wọ́n sì ṣe àwàdà wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ìpín Leon nìkan ló fi ohùn olórin ṣe kókó ìtàn, tó bi wá pé kí ni ohùn yẹn ń ṣe sí ẹni tó ń gbọ́ ọ àti sí ẹni tó ń lò ó.

Ẹyin lohùn

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé iṣẹ́ HBO gbé fíìmù kan jáde nínú èyí tí ọkùnrin méjì ti sọ pé Jackson bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọdún 2009 ni Jackson ti kú. Àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀ ní irọ́ ni. Láìpẹ́, James L. Brooks, ọ̀kan lára àwọn olórí tó ń ṣe eré náà, kéde pé òun, Groening àti Al Jean ti fẹnu kò láti yọ ìpín náà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti nínú àwo tí wọ́n bá tún fẹ́ tẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí Disney+, ibi tí wọ́n ti ń wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìpín yìí kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan béèrè ìdí tí wọn kò fi pe ẹlòmíràn kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọ̀rọ̀ ewé àti ọṣẹ nìyẹn. Ẹnu Leon tẹ̀lé mímí Jackson férémù sí férémù: ibi tó ti dá dúró, ibi tó ti rọra gbé ohùn sókè, ibi tí ẹ̀rín kékeré ti yọ. Ohùn mìíràn lórí àwòrán yẹn yóò dà bí aṣọ àyálò. Kódà ká ní ohùn ṣeé pààrọ̀, ìtàn kò ṣeé pààrọ̀: àgbàlagbà kan wọ ilé àwọn ọmọdé, ó ń fi ohùn tí gbogbo ọmọdé fẹ́ràn bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1991, kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ já sí i. Lẹ́yìn ohun tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn sọ, mo mọ̀ pé òbí kankan kò lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ wò ó bíi ti tẹ́lẹ̀. N kò lè dá àwọn tó yọ ọ́ lẹ́bi. Ó sì dùn mí, torí iṣẹ́ Lennon, ti Azaria, ti àwọn tó fi ọwọ́ ya àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo sì ni àwo tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí.

Àwọn tó ra àwo rẹ̀ kó tó di ọdún 2019 ṣì ní in nílé. Lórí rẹ̀, John Jay Smith ṣì ni ó ń jẹ́.

Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ dá Leon padà nígbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ ìtàn mìíràn nínú èyí tí bíríkìlà náà yóò padà dé pẹ̀lú ohùn tuntun, tí yóò sọ pé olórin Prince ni òun, wọ́n sì fẹ́ kí Prince fúnra rẹ̀ wá gba ohùn sílẹ̀. Prince ka ìwé eré náà, ó kọ̀. Wọn kò ya àwòrán kankan sí i.